Àtàláátà Wa ní Ọ̀nà Kúta

Lẹ́yìn àtíbàbà kan ní Kúta ni èmi àti ìyàwó mi ti kọ́kọ́ bára wa sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì la sá lọ síbẹ̀, kí ẹnì kejì má baà rí wa.

Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mò ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìwó, Mùrí Oníkẹ̀kẹ́ sì ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Bàbá mi ti kú. Èmi àti ìyá mi, Fàtímọ̀, là ń gbé yàrá méjì nínú agbo ilé wa. Àwo kan náà la jọ ń jẹun, nítorí ìyá mi kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tí n kò bá sí níbẹ̀.

Àbàwọ́n kan ló kọ́kọ́ yọ sí mi lápá òsì. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kò yún mi, kò sì dùn mí. Ìyá mi ní làpálàpá ni. Ó já ewé àsùnwọ̀n, ó gún un, ó fi ń ra mí lápá fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àbàwọ́n náà kò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń lẹ rọ́bà táyà kan tó jò, mo gbé irin gbígbóná dání, mò ń bá oníbàárà mi tàkúrọ̀sọ. Òórùn ẹran tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í tà sí mi nímú. Mo bojú wẹ̀yìn pé ta ló ń sun ẹran láàárọ̀ kùtùkùtù báyìí. Àṣé apá mi ni. Irin ti jẹ ẹ́ wọlé, n kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Oníbàárà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Matthew, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń tọ́jú àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ ní agbègbè wa. Dókítà làwọn èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í ṣe dókítà. Ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì pariwo. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ní kí n dijú.

"Bó o bá ti mọ̀ ọ́n lára, wí fún mi."

Mo dúró títí. N kò mọ nǹkan kan lára. Nígbà tí mo lajú, ìyẹ́ náà wà lórí àbàwọ́n mi, ó ń gbá a lọ gbá a bọ̀.

"Mùrí," ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ẹ̀tẹ̀ ni. Má tíì sunkún. Kì í ṣe bíi ti ayé àtijọ́ mọ́, egbòogi ti dé. Bó o bá ń gbé e mì bí mo ṣe wí, kò ní jẹ ọ́ níka, kò sì ní ti ara rẹ ran ẹlòmíì."

Ó ń pín egbòogi náà ní Ìwó lọ́jọ́ Àtìnní, ó sì ń pín in lábẹ́ àtíbàbà kan ní Kúta lọ́jọ́ Àtàláátà. Ta ni yóò lọ tò sórí ìlà ní Ìwó, lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀? Mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ń pè mí sí Kúta láti wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí Àtàláátà bá ti pé, mo di irinṣẹ́ mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo forí lé ọ̀nà.

Àtàláátà kẹrin ni mo rí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, agbọ̀n obì lórí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Àlùfáà Àmúdà ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, mo kó sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nígbà tí òun náà sáré gba ẹ̀gbẹ́ kejì yọ sí mi.

A wo ara wa.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá," ó wí, ó kúnlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n lórí.

"Káàsán o. Kí lo wá ṣe ní Kúta?"

"Obì ni mo wá rà. Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Kẹ̀kẹ́ ni mo wá tún ṣe."

Ó yí ojú ká. "Kò sí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn àtíbàbà yìí."

"N kò rí igi obì níbí náà."

Kí ó tó dá mi lóhùn, ohùn Ọ̀gbẹ́ni Matthew dún láti iwájú: "Ràhámọ̀tù! Mùrí! Ẹ̀yin méjèèjì ló kù o, egbòogi yín wà níbí!"

Ràhámọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹkún ló ti dà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì tó tú jáde nínú agbọ̀n rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò rí mi níbí," ó wí.

"Ìwọ náà kò rí mi."

Bí a ṣe pàdé nìyẹn.

Ìrìn wákàtí méjì ló máa ń rìn kó tó dé Kúta. Àtàláátà tó tẹ̀ lé e, mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, òjò ń rọ̀. Mo kọjá rẹ̀, mo dúró, mo padà.

"Gùn ún," mo wí.

"Bí èèyàn bá rí wa ńkọ́?"

"Ta ló máa jáde nínú òjò yìí?"

Ó gbé agbọ̀n sórí itan, ó jókòó sẹ́yìn mi. Bí a bá ń padà bọ̀, n ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan kí a tó wọ Ìwó, òun á fẹsẹ̀ rìn wọlé, èmi á sì dúró díẹ̀ kí n tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Kí ni n ó sọ nípa Ràhámọ̀tù? Ó dúdú, ó ń dán. Bí nǹkan bá dùn mọ́ ọn nínú, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pà! Ó máa ń bá obì sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣà á: "Ìwọ yìí ti fẹ́ jẹrà, o wá ń díbọ́n." Lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn ní Ìwó, Mùrí Oníkẹ̀kẹ́ tí ara rẹ̀ le ni mí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ti lè sọ pé ẹ̀rù ń bà mí.

"Ẹ̀rù kí ni?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

"Kí ìka mi má lọ."

"Ẹ na ọwọ́ yín kí n rí i." Ó ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́wàá ni. Bí ẹyọ kan bá fẹ́ lọ, á kọ́kọ́ dágbére fún mi."

Lábẹ́ igi kan lọ́nà, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi àbàwọ́n tó wà lẹ́yìn ìgúnpá rẹ̀ hàn mí. Ó ti ń rẹlẹ̀. Mo já koríko, mo fi kan etí àbàwọ́n náà.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá."

Mo sún un díẹ̀. "Níbí ńkọ́?"

Lójijì ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ là kedere. "Bọ̀dá, mo mọ̀ ọ́n! Ó rìn mí!" Ó pàtẹ́wọ́, pà! Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé bí n kò bá fẹ́ ẹ, n kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Mo bi í pé kí ni oríkì rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Àbẹ̀kẹ́ mi," mo wí, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Èmi tí mo rò pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ mi mọ́," ó wí. "Ẹ lọ rán àwọn èèyàn yín sí bàbá mi."

Inú ìyá mi dùn débi tó fi jó. Ó rán àbúrò bàbá mi tí à ń pè ní Ìyá Mùkáílà pé kó lọ wádìí ilé Àlùfáà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń wádìí láyé ìgbà yẹn: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ṣé wárápá kò sí, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí. Ìyá Mùkáílà rìn káàkiri fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ó padà dé, ó ní, "Fàtímọ̀, ilé wọn mọ́ bí àwo tángaran." Àlùfáà náà rán èèyàn wá wádìí tiwa. Onítọ̀hún lọ sọ fún un pé kò sí àrùn burúkú kankan nílé Mùrí.

Nígbà tí èmi àti Ràhámọ̀tù sọ ọ́ fún ara wa lójú ọ̀nà, a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Wọ́n dá oṣù kẹta fún yìgì. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mi. "Ọkọ ìyàwó wo ní í lọ tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Kúta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Aládùúgbò kan tilẹ̀ sọ pé òun rí mi lẹ́bàá àtíbàbà àwọn adẹ́tẹ̀. Mo ní omi ni mo yà mu. Jìnnìjìnnì bò mí.

"Àbẹ̀kẹ́," mo wí ní Àtàláátà yẹn, "jẹ́ ká dá egbòogi yìí dúró."

Ó rò pé mò ń ṣeré.

"Wo ara rẹ. Wo ara mi. Ó ti dán. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́."

"Dókítà ní ó máa tó ọdún mẹ́ta. A kò tíì lo ọdún kan ààbọ̀."

"Ara wa ti dán, mo wí."

"Ara tó dán kọ́ ni ara tó san," ó wí. "Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Bí a bá dá a dúró, á padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí ìyá mi mọ̀ ni? Ṣé o fẹ́ kí yìgì yìí bàjẹ́?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń yí lọ, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Títí di ọjọ́ náà, ẹ̀yin àti Bọ̀dá ló máa ń pè mí.

"Mùrí," ó wí, "èmi ń lọ gba egbòogi mi. Ìwọ ṣe bó o ṣe fẹ́."

Ó ń lọ, kò wẹ̀yìn. Mo yí kẹ̀kẹ́ mi padà sí Ìwó.

Oṣù méjì ni mo fi jókòó sílé. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ọmọ-ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ní ọjọ́ kan mo bọ́ bàtà mi, mo rí ìṣó kan tó gún mi lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ nù, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ràhámọ̀tù ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. N kò dáhùn.

Ó wá fúnra rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí yìgì wa. Ìyá mi àti Ìyá Mùkáílà wà lọ́ọ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ayẹyẹ náà. Inú wọn dùn pé ìyàwó wá kí wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní náà, kò jókòó.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó wí, "mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ wádìí ilé wa, wọ́n ní ó mọ́. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, wọn kò mọ̀ ni. Mo ní ẹ̀tẹ̀. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń gba egbòogi rẹ̀ ní Kúta. N kò fẹ́ wọ ilé yín pẹ̀lú irọ́. Dókítà ní ẹni tó bá ń lo egbòogi rẹ̀ kò lè ràn án mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń bò ó mọ́ra ló ń ràn án. Mo wá sọ ọ́ níbí kí ẹnikẹ́ni tó bá tún ní i má baà tijú àtilọ."

Kò wò mí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò dárúkọ mi.

Ìyá Mùkáílà kígbe, ó fò sẹ́yìn. Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Mùrí! Ṣé o gbọ́? Ṣé o mọ̀ sí i?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò mí. Ràhámọ̀tù náà gbójú sókè nígbà yẹn.

"Rárá," mo wí. "N kò mọ̀."

Mo ti di arúgbó báyìí. Mo ti ṣe àṣìṣe púpọ̀ láyé mi, mo sì ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. N kò gbàgbé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó já a sílẹ̀, tó ń lọ.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi," ó wí. Ó dìde, ó lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ìyá mi ti sun ẹní náà. Ó da epo òyìnbó sí i lẹ́yìnkùlé, ó dúró tì í títí ó fi di eérú. "Ọlọ́run ló yọ ọ́," ó ń sọ fún mi. "Ọlọ́run ló yọ ọmọ mi."

Ìròyìn gba àdúgbò kan. Àwọn ìyá wá mú ọmọ wọn kúrò ní ilé kéwú Àlùfáà Àmúdà, àní lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ku ọmọ méjì. Kò sẹ́ni tó ra obì lọ́wọ́ Ràhámọ̀tù mọ́. Àwọn ẹbí wọn ní kí Àlùfáà lé e kúrò nílé. Wọ́n ní bàbá náà gbọ́ wọn tán, ó ní, "Ọlọ́run ló fún mi lọ́mọ yìí, kì í ṣe àdúgbò." Ó kó tírà rẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n kó lọ sí Kúta.

Èmi jókòó, mò ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ìyá mi gbé ọkà àti ọbẹ̀ ilá sílẹ̀, a jọ jókòó tì í bí a ti máa ń ṣe. A bu òkèlè. Ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ mi jọ wọ inú ọbẹ̀ pọ̀, mo rí ọmọ-ìka mi tó ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ràhámọ̀tù bọ́ sí mi lọ́kàn: ẹni tó ń bò ó mọ́ra ló ń ràn án. Ẹni tí ìyá mi sun ẹní rẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èmi tí mo ti pa egbòogi tì, èmi ni mò ń bá a jẹun láràárọ̀ lálaalẹ́, tí a jọ ń sùn sábẹ́ òrùlé kan.

"Ìyá," mo wí, "ẹ má bá mi jẹun mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ibi tí Ràhámọ̀tù ń lọ ní Kúta, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n bá lára mi. Èmi ni mo dá egbòogi tèmi dúró. Òun kò dá a dúró rí."

Ìyá mi wo òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ ọ́ nù. Ó fi í sẹ́nu. Ó gbé e mì, omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbá mi létí.

"Ìyẹn ni tèmi," ó wí. Ó gbá mi ní èkejì, ó le ju ti àkọ́kọ́. "Ìyẹn ni ti ọmọ Àlùfáà. Mùrí, ẹní ta ni mo sun? Ẹní ta ni o jẹ́ kí n sun?"

Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, orí mi wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó nu ojú, ó ní, "Ọjọ́ wo ni dókítà ń wá sí Ìwó níbí?"

"Àtìnní. Ṣùgbọ́n Kúta ni mo—"

"Kò sí Kúta. Ìwó níbí ni. Èmi ni n ó mú ọ lọ."

Ní ọjọ́ Àtìnní, ìyá mi wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù ọdún iléyá rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọ kékeré, ó mú mi gba àárín àdúgbò. Àwọn èèyàn ń bi í pé níbo lẹ̀ ń lọ. "Mò ń mú ọmọ mi lọ gba egbòogi ẹ̀tẹ̀," ló ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò kí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Matthew yẹ̀ mí wò, ó mi orí, ó ní a óò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ padà. Ó fi ìyẹ́ adìyẹ kan ìyá mi náà lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run débi tí ojú fi tì mí.

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí Kúta. Ràhámọ̀tù jókòó níwájú yàrá tí wọ́n gbà, ó ń ṣa obì. Bí ìyá mi ti rí i ni ó ń tẹ orúnkún sílẹ̀. Ràhámọ̀tù fò dìde, ó dì í mú kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Èèwọ̀, Ìyá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ kò mọ̀ ni, Ìyá. Ẹ wọlé, ẹ mu omi."

Àlùfáà mú ìyá mi wọlé. Ó wá ku èmi àti òun. Ó padà sídìí obì rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," mo wí.

"O ní o kò mọ̀."

"Mo wí bẹ́ẹ̀. Mo ṣojo."

"Mo rò pé n ó kú sórí ẹní yẹn, Mùrí. Kì í ṣe nítorí àwọn ìyá. Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa kígbe. Ìwọ ni mo ń wò."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ dáadáa.

"Dìde," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Lọ máa lo egbòogi rẹ. Bí ọdún bá yípo tí o kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, kí o wá bi mí."

"Bí mo bá wá, kí ni wàá sọ?"

"N kò mọ̀," ó wí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì yára bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹ̀rín fẹ́ já a gbà.

Ọdún yẹn gùn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sẹ́ni tó gbé kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi. Oko ìyá mi ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó kọ́kọ́ padà wá ni àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àyànbádéjọ. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ mi kò lè kó àrùn, Mùrí, ṣéènì rẹ̀ ló já." Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Gbogbo Àtìnní ni mò ń tò sórí ìlà ní Ìwó, Ọ̀gbẹ́ni Matthew á ní kí n la ẹnu kí òun rí i pé mo gbé e mì, á sì fi àmì sórí káàdì mi. Ibà mú mi lẹ́ẹ̀kan, ìyá mi gbé mi sórí kẹ̀kẹ́, ó tì mí lọ. Etí mi sọ̀. Ọmọ-ìka mi kò nà mọ́, ó ṣì ká títí dòní, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọdún pé, mo mú káàdì náà lọ sí Kúta. Ràhámọ̀tù gbà á, ó fi ìka tẹ̀ lé àmì orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo dúró bí ọmọ ilé-ìwé níwájú tíṣà. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Lẹ́yìn náà ó fi ìborùn gbọn eruku orí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bọ̀dá," ó wí.

Ẹ! Mo ní kó tún un wí.

"Ẹ jókòó, mo ní. Àbí etí yín ṣì ń wú ni?" Ó pàtẹ́wọ́, pà! Àwa méjèèjì sì bú sẹ́kún.

Kúta ni Àlùfáà Àmúdà ti so yìgì wa. Èèyàn mọ́kànlá ló wá. Ìyá Mùkáílà kò wá, ṣùgbọ́n ó fi iṣu márùn-ún ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Matthew wá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn Mùsùlùmí, ó ń ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, kódà èyí tí kò tíì parí. Ìyá mi ló mú ìyàwó wọlé. Wọ́n gbé ọkà àti ọbẹ̀ síwájú wa, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè fún Ràhámọ̀tù lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ìyàwó mi, jẹun."

A padà sí Ìwó, a gba yàrá kan lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta tí a dé ibẹ̀, ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa, mò ń fá irùngbọ̀n, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ìborùn bò ó dé ojú. Ọmọ Ìwó ni. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá mú ọmọ wọn kúrò ní ilé kéwú ni.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní gbangba," ó wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo ní kí n bi yín... ọmọ mi ni. Nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò yún un."

Ọkàn mi fẹ́ rántí ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá ìyàwó mi. Ràhámọ̀tù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó jáde, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Ẹ wọlé, Ìyá. Ẹ má bo ojú níbí. Ẹ ti jẹun?"

Ó yíjú sí mi, ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Olówó orí mi, ẹ yára fá a tán. Òní ni Àtìnní, a ó yà mú ọmọ náà, a ó jọ lọ."

Mo wò ó bó ṣe ń bu omi fún obìnrin náà, bó ṣe ń sọ fún un pé kò sí ìbẹ̀rù, pé òun náà rèé. Inú mi kún. Mo nu ọṣẹ nù, mo wọ ẹ̀wù mi, àwa mẹ́ta sì jáde sójú títì.